Nives, Ìyá Àlejò Ìgbà Òtútù

"Ta ló ń wá sí Trieste lóṣù kìíní?"

Akọ̀wé kan ní ibùdókọ̀ réluwéè ló bi Nives léèrè bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tó lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun lẹ ìwé mọ́ ògiri, kí ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lè mọ̀ pé yàrá wà nílé òun. Nives wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Àwọn ọlọ́gbọ́n ni. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi pọ̀."

Ìdáhùn yẹn dùn létí, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló sọ Nives di ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀. Ohun tó sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀ ni ọjọ́ tó kó àlejò wọ ilé adájọ́, tó sì ní kí adájọ́ lọ gbé wáìnì wá.

Lórí òkè Carso tó wà lẹ́yìn ìlú, bí wáìnì àgbẹ̀ bá ti tó mu, a máa ṣílẹ̀kùn ilé rẹ̀ fún ará ìta fún ìwọ̀nba ọjọ́. Osmiza là ń pè é. Kì í ṣe ilé ọtí o. Yàrá ìjẹun wọn gan-an lẹ ó jókòó sí, lábẹ́ àwòrán ìgbéyàwó bàbá wọn àgbà. Ẹ ó mu wáìnì wọn, ẹ ó jẹ ẹyin adìẹ wọn àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ pa tí wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ gbẹ. Kò sí pátákó kankan. Ẹ̀ka igi eléwé ni wọ́n ń so mọ́ géètì. Ibi tí ẹ bá ti rí ewé, ẹ wọlé, ẹ fa àga.

Lọ́jọ́ tí à ń sọ yìí, Nives kó tọkọtaya olùkọ́ kan tí wọ́n ti Linz wá sẹ́yìn, ó ń mú wọn lọ sílé àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Stanko. Loredana, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ń tẹ̀ lé wọn. Bora, afẹ́fẹ́ tó máa ń ti orí òkè já lu ìlú wa nígbà òtútù, ti jà láti àná. Ó ti já ẹ̀ka igi kúrò lẹ́nu géètì Stanko, ó gbé e gba títì lọ, ó sì fi í há ara géètì Adájọ́ Bressan, ẹni tó fẹ̀yìn tì lọ sórí òkè náà nítorí pé kò fẹ́ rí ojú ẹnikẹ́ni mọ́.

"Màmá," Loredana rọra sọ, "ilé Stanko kọ́ nìyí o."

"Ṣé o rí ewé àbí o ò rí ewé?"

"Mo rí ewé."

"Ó tán nìyẹn."

Wọ́n wọlé. Wọ́n bọ́ kóòtù. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì adájọ́. Nígbà tí ọkùnrin náà máa fi sọ̀kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tòun ti aṣọ ìwọ̀sùn lọ́sàn-án gangan, Nives ti ń fi ìka kan tábìlì.

"Ẹ káàsán o. Wáìnì pupa, ẹyin sísè, àti ẹran. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé ẹran náà nípọn."

"Màmá," ni adájọ́ wí, "inú ilé mi lẹ wà yìí."

"Ilé ta lẹ fẹ́ ká wà tẹ́lẹ̀? Ṣé ojú títì ni wọ́n ti ń jẹ osmiza ni?"

"Mi ò mọ̀ yín rí!"

"Èmi náà ò mọ̀ yín. Á jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ osmiza ni. Ẹ má fòyà, ẹ ó mọ̀ ọ́n ṣe."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ wọlé?"

"Ewé tó wà lára géètì yín ni."

Adájọ́ jáde lọ wò ó. Ewé wà níbẹ̀ lóòótọ́. Gbogbo ọdún tó fi jókòó sórí àga ìdájọ́, ẹ̀rí ló fi ń dájọ́, ẹ̀rí sì nìyí lára géètì rẹ̀. Ó wọlé padà, ó lọ gbé ìgò wáìnì wá.

Ẹran tó gé nípọn bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Àwọn ará Linz sọ pé nínú gbogbo osmiza tí àwọn ti dé, èyí ló dùn jù, àfi pé ojú ń ti onílé díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán tí Nives na owó sí i, adájọ́ fò sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò. "Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀! Mi ò ní ìwé àṣẹ. Tí mo bá gba owó yìí pẹ́nrẹ́n, mo ti di arúfin!" Ìgbà náà ló tó yé Nives ibi tí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá mọ Nives mọ̀ pé kò gbà rí pé òun ṣìnà. Ó dìde, ó de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ó dáa, gbèsè ni. Ẹ wá jẹ jota nílé mi lọ́jọ́bọ̀. Ẹ wọ ṣòkòtò wá."

Adájọ́ wá. Ó wọ ṣòkòtò. Jota tí Loredana sè lọ́jọ́ náà, ẹ̀wà rẹ̀ rọ̀, kábéèjì kíkan inú rẹ̀ kan dé ibi tó yẹ kó kan dé. Ọkùnrin náà jẹ àwo méjì láìgbé orí sókè. Nígbà tó gbórí sókè, ojú rẹ̀ bọ́ sára putizza tó wà lórí pẹpẹ, àkàrà dídùn tí wọ́n ká èso àti àjàrà gbígbẹ sínú rẹ̀ bí ẹní. Ó wò ó. Nives náà rí i pé ó ń wò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òjò ni Nives ń sọ.

Nígbà tí ó lọ tán, Loredana ní, "Màmá, ẹ̀yin náà rí i! Ojú bàbá yẹn ò kúrò lára putizza. Kí ló dé tí ẹ ò gé fún un?"

"Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè oúnjẹ. Bí mo bá san án tán lónìí, kí ló tún máa wá ṣe níbí?"

"Ṣùgbọ́n gbèsè ni, Màmá. Sísan là ń san gbèsè."

"Díẹ̀díẹ̀ là ń san án, ìyàwó mi. Gbèsè tó bá tán, ìbẹ̀wò tán."

Adájọ́ padà wá lọ́jọ́bọ̀ kejì. Wọ́n gé putizza fún un, wọn ò fún un ní wáìnì dídùn tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ó tún padà wá. Báyìí ni ọkùnrin tí kò fẹ́ rí ojú ẹnikẹ́ni ṣe di ẹni tó ní àga tirẹ̀ nínú ilé ìdáná Nives, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ròyìn ọ̀rọ̀ ewé náà káàkiri. Gbogbo ìgbà tó bá ròyìn rẹ̀ ni ẹran yẹn ń fẹ́lẹ́ sí i.

Kì í ṣe eré lásán ni Nives fi ń wá àlejò kiri o. Ilé tí òun àti Loredana ń gbé ní àdúgbò San Giacomo, ilé Tullio Vascotto ni. Ọmọ kan ṣoṣo tí Nives bí, òun ni ọkọ Loredana, ó ti kú sẹ́nu iṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ òkun. Àwọn obìnrin méjèèjì ló kù síra wọn, yàrá tí wọ́n fi ń gba àlejò ni wọ́n sì fi ń jẹun. Nígbà ooru, kò níṣòro, àwọn tó ń wá wẹ̀ lókun pọ̀ bí iyanrìn. Ìgbà òtútù ni ilẹ̀kùn ń wà ní títì, ìgbà òtútù náà sì ni Tullio máa ń mí hẹlẹhẹlẹ gun àtẹ̀gùn wá.

"Màmá Nives, ẹ gbọ́ mi o. Tí yàrá yìí bá ṣófo títí di Àjíǹde, màá gba ilé mi. Ọmọ mi fẹ́ tún un ṣe fún àwọn tó ń wá lásìkò ooru."

"Tullio, ṣé o ti jẹun?"

"Mi ò wá jẹun."

"Mo mọ̀. Ebi ló ń sọ̀rọ̀ yẹn."

Ó ń jẹun, ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ, ọdún kan ti kọjá. Nives kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Loredana ló ń rò ó. Bí wọ́n bá gba ilé yìí, ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Udine ló kù, orí àga gbọọrọ ní pálọ̀, lọ́wọ́ ọkọ àbúrò, ahun tó máa ń wọn ṣúgà sínú ife ènìyàn. Ó ti pẹ́ nílé Nives ju bó ṣe pẹ́ nílé bàbá rẹ̀ lọ. Ibi tí igi ilẹ̀kùn ti máa ń wú lásìkò òjò, ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n láìwò ó. Nítorí náà, bí aago ẹnu ọ̀nà bá dún lóṣù kìíní, òun ló ń kọ́kọ́ dìde.

Ó dún lọ́jọ́ kan, ó sì jẹ́ Kinga, ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Gdańsk, tó tín-ínrín bí igi ìṣáná. Nives dì í léjìká mú, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Èyí ò lè jáde báyìí. Bora máa gbé e dé Venice." Ó lọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó kó áyọ́ọ̀nù irin àtijọ́ méjì jáde, ó ki ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpò kóòtù ọmọ náà. Kinga rìn káàkiri ìlú bí ẹni tó ru ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí, ẹ̀ṣọ́ dá a dúró.

"Kí ló wà lápò yín?"

"Áyọ́ọ̀nù ni, sà."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Màmá Nives ló ní kí n má bàa fò lọ."

Ẹ̀ṣọ́ gba áyọ́ọ̀nù náà, ó gbé ọ̀kan sọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé èkejì sọ́wọ́ òsì, ó ronú. Ó ní, "Ti òsì yìí fúyẹ́ o. Ẹ ní kí Màmá pààrọ̀ rẹ̀."

Nírọ̀lẹ́ tó gbẹ̀yìn ìbẹ̀wò Kinga, Nives jókòó tì í nídìí ààrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un nípa ìyá ìyá òun tó jẹ́ alágbàfọ̀. Lọ́jọ́ kan ìyá náà ń sá aṣọ ibùsùn sórí òrùlé, bora dé, ó ní òun ò ní fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ láé, ó di etí aṣọ mú, aṣọ wú bí ìgbòkun, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ó kọjá lórí ọjà ẹja. Ó kọjá lórí ilé ìfowópamọ́. Ó ń lọ tààrà sójú fèrèsé bíṣọ́ọ̀bù, bíṣọ́ọ̀bù sì ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́...

Nives dìde, ó ń palẹ̀ ife mọ́. "Èyí tó kù di ìgbà tó o bá tún wá."

"Màmá! Àárọ̀ ọ̀la ni mò ń lọ o!"

"Ìyẹn náà ni mo rí."

Bó ṣe ń ṣe gbogbo wọn nìyẹn. Kò sí àlejò tó ti ilé Nives jáde láìjẹ́ pé ohun kan kù tí Nives jẹ ẹ́. Ẹ wo ti Gábor àti Ildikó, tọkọtaya láti Szeged. Nígbà tí wọ́n dé, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Loredana ló ń bá wọn jíṣẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ kejì. "Ìyàwó yín ní kẹ́ ẹ gbé iyọ̀ wá." "Ẹ sọ fún un pé iyọ̀ wà níwájú rẹ̀." Nives wò wọ́n lọ́jọ́ kan, ó wò wọ́n lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Kò sóhun tó ń ṣe wọ́n. Wọ́n sún mọ́ra jù ni."

Ó kó wọn lọ sí Pedocin. Èyí ni etíkun wa tí wọ́n fi ògiri funfun pín sí méjì, ọkùnrin níhìn-ín, obìnrin lọ́hùn-ún, bó ti wà láti ayé àwọn ìyá wa nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n wó o. Nígbà òtútù, àwọn àgbàlagbà máa ń fẹ̀yìn ti ògiri náà yá oòrùn tòun ti kóòtù, torí pé bora kì í ráyè débẹ̀. Nives fa Ildikó wọ ọ̀dọ̀ obìnrin. Gábor wọ ọ̀dọ̀ àwọn bàbá arúgbó tó ń ta káàdì. Lẹ́yìn náà, ohùn kan gbòde láti òdìkejì ògiri.

"Ildikó! Ṣé ìbọ̀wọ́ mi wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Ó wà lápò rẹ, olórí pípé!"

"Mo ti rí i!" Ohùn náà tún dé. "Ṣé òtútù ò mú ọ?"

Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ dáwọ́ ọ̀rọ̀ dúró. Ẹni tó ń hun súwẹ́tà gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Ó ń mú mi díẹ̀," ni Ildikó wí.

Kò pẹ́ tí nǹkan kan fò kọjá lórí ògiri: ìborùn Gábor, tó fi di òkúta kó lè dé ibi tó ń lọ. Ó gba etí ìyá kan kọjá fìrì. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Nives ò la ojú tó dì sínú oòrùn. Ó ní, "Ìfẹ́ nìyẹn. Ẹ máa ṣọ́rí yín."

Tayọ̀tayọ̀ ni Gábor àti Ildikó fi padà sílé. Kí wọ́n tó lọ, Nives kọ́ Ildikó bí wọ́n ṣe ń ṣe putizza, ó fi ọwọ́ rẹ̀ mú ọwọ́ ọmọbìnrin náà po ìyẹ̀fun. Ohun kan ṣoṣo ni kò sọ fún un: ohun tó ń fi rẹ àjàrà gbígbẹ rẹ̀.

Loredana ò fara mọ́ ìwà yìí. Ẹni tó ń san ohun tó bá jẹ ni, ojú a sì máa tì í bí Nives bá ń sin èèyàn wọ ọkọ̀ réluwéè pẹ̀lú ìdajì ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè kan wà tí Nives kò fọgbọ́n dá sílẹ̀. Sietse ni wọ́n jẹ ẹ́. Awakọ̀ ojú omi ni Sietse, ó ti fẹ̀yìn tì, láti Friesland, níbi tí ilẹ̀ tẹ́ títí dé ibi tójú lè rí i mọ. Kò rí òkè oníyìnyín rí láyé rẹ̀. Nives ṣèlérí fún un pé láti orí Molo Audace, òpópó òkúta gígùn tó wọ inú òkun láàárín ìlú, yóò rí gbogbo òkè Alps lódìkejì omi, funfun báláú. Kùrukùru ló bo ojú ọ̀run ní gbogbo ọjọ́ tí Sietse lò. Láràárọ̀ ni wọ́n ń lọ, láràárọ̀ ni wọ́n ń bọ̀.

"Màmá, òkè yìí dà?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Mi ò rí i."

"Òun náà ò rí ọ. Ìwọ tó o lẹ́sẹ̀ lo máa tún padà wá."

Ó fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ Sietse lọ tí wọ́n sì délé, ẹ̀fẹ̀ tán. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó. Ó ní, "Loredana, mo jẹ ọkùnrin yẹn ní òkè kan."

Oṣù kẹjọ ni Nives kú. Ó ti máa ń sọ ọ́ pé kò sí ohun rere kan tó ń ṣẹlẹ̀ ní Trieste lóṣù kẹjọ, ó sì fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Ooru mú débi pé òógùn ń kán láti iwájú orí àwọn tó gbé pósí. Lẹ́bàá sàréè, Adájọ́ Bressan nu ọrùn, ó ní, "Ká ní ó ní sùúrù di oṣù kìíní ni, à bá sin ín dáadáa." Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà, kò sẹ́ni tó lè wo ojú ẹnìkejì.

Tullio wá kí Loredana. Kò mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ti dúró sinmi nísàlẹ̀ kó tó gòkè, nítorí ọ̀fọ̀. Ó fi fìlà sórí orúnkún. "Mo bá ẹ kẹ́dùn, Loredana. Tọkàntọkàn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fa àlejò wá ti lọ, ìwọ náà sì mọ̀ ọ́n. Mo fún ẹ di Àjíǹde." Loredana gbọ́bẹ̀ síwájú rẹ̀. Kò jẹ ẹ́. Ìgbà náà ni ẹ̀rù tó wá ba Loredana.

Oṣù kọkànlá dé, yàrá ṣófo. Loredana ń tẹ́ ibùsùn tí ẹnikẹ́ni ò sùn sí. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń di èèyàn léjìká mú ní ibùdókọ̀. Ó lọ lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó kí obìnrin kan, obìnrin náà bi í pé níbo ni ilé ìtura tó wà létí omi wà, ó sì júwe rẹ̀ fún un láìkù síbì kan. Adájọ́ gbọ́, ó di orí mú.

Nígbà tó di oṣù Kérésìmesì, aago dún. Kinga ni. Bora ti fa ìborùn rẹ̀ sẹ́yìn orí.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí Loredana. Mo wá gbọ́ èyí tó kù."

Loredana sọ fún un pé Màmá ti kú. Ọmọ náà jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sunkún, ó nu imú. Ó wá gbójú sókè. "Ta ló wá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní fèrèsé bíṣọ́ọ̀bù?"

Adájọ́, tó wà lórí àga rẹ̀ nínú ilé ìdáná, ní òun mọ̀ ọ́n. Ó ní ìyá náà wọlé láti fèrèsé, ó ní kí bíṣọ́ọ̀bù dákun bá òun di etí aṣọ kejì mú, wọ́n jọ ká a, ó sì bá ẹnu ọ̀nà jáde. Loredana ní irọ́ ni, etí òun báyìí ni Màmá sọ ọ́ sí: bíṣọ́ọ̀bù ṣíjú sókè, ó gé ara rẹ̀, aṣọ náà yí padà, ó sì gbé ìyá náà balẹ̀ sínú ọkọ̀ apẹja, aṣọ oníbàárà ò sì kan omi. Wọ́n jà lé e lórí láti ọbẹ̀ dé putizza. Kinga fi ọjọ́ kún ọjọ́ kó lè gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì tán, lẹ́yìn náà ó ní adájọ́ jẹ̀bi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n dá ọkùnrin náà lẹ́jọ́.

Kinga ò tíì lọ tí Ildikó fi dé, Gábor ru ẹrù lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń ké láti ẹnu ọ̀nà. "Mo ti fi ọtí rẹ àjàrà yẹn! Mo ti fi oyin rẹ ẹ́! Mo ti fi wàrà rẹ ẹ́! Kí ni Màmá ń fi rẹ ẹ́?"

"Tíì," ni Loredana wí.

"Tíì wo?"

"Tíì tó bá ṣẹ́kù sí ìdí ife àwọn àlejò láàárọ̀."

Ildikó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara ògiri mú. Lẹ́yìn wọn, àwọn mìíràn wá. Olúkúlùkù ló ní ohun tí Nives jẹ ẹ́: ọ̀nà kan tí kò tíì fi hàn án, orin kan tí kò kọ tán, orúkọ ẹni tó fún un ní òrùka tó wà níka rẹ̀. Èyí tí Loredana bá mọ̀, ó ń san án, tipẹ́tipẹ́ ló ti fẹ́ san wọ́n. Láàárín oṣù kìíní, Tullio gòkè wá láti wo yàrá tó ṣófo. Bàtà títutù ló kọ́kọ́ pàdé, tí wọ́n tò láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìdáná.

"Ta ló ni gbogbo bàtà yìí?"

"Àwọn tí Màmá jẹ ní gbèsè ni."

"Nives? Nives jẹ gbèsè báyìí?"

"Ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Kí ló wá ń dùn mọ́ yín nínú, tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín?"

Kò sí àga tó ṣófo, orí ìdúró ló ti jẹ jota. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó nu ẹnu, ó wo Loredana pẹ́. "Ó dáa. Mi ò gba ilé lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n mo ń ronú ohun kan o, ọmọ mi. Àwọn wọ̀nyí wá gba tiwọn. Bí wọ́n bá gbà á tán ńkọ́?"

Loredana gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà ti ń ro ohun kan náà.

Sietse ló dé kẹ́yìn, lóṣù kejì. Kò béèrè ohunkóhun. Ó yọ fìlà níwájú àwòrán Nives tó wà lórí pẹpẹ, ó sì lọ tú ẹrù rẹ̀. Kùrukùru tún bolẹ̀ bí ti àkọ́kọ́. Loredana ń jí láràárọ̀ wo ojú fèrèsé bí ẹni tó ń retí ọmọ. Ní ọjọ́ tó kù ọ̀la kí Sietse lọ, bora jà tọ̀sántọ̀sán, ó gbá ojú ọ̀run mọ́ bí ìyàwó tuntun ṣe ń gbá àgbàlá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Loredana fi ẹ̀wù bo aṣọ tó fi sùn, ó lọ kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ dìde, Bàbá Sietse. Kíákíá."

Wọ́n rìn dé orí Molo Audace, wọ́n di apá ara wọn mú nítorí afẹ́fẹ́. Ibẹ̀ ló wà. Láti ìpẹ̀kun òkun sí ìpẹ̀kun, òkè lórí òkè, yìnyín lórí gbogbo wọn, oòrùn àárọ̀ ń kùn wọ́n lósùn díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin ilẹ̀ títẹ́ náà dúró. Omi ń jáde lójú rẹ̀, ó ní bora ni. Loredana jẹ́ kó jẹ́ bora.

Sietse fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mo ti rí i. Màmá san án. Kò jẹ mí ní nǹkan kan mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dára, ó sì wọ Loredana lára bí òtútù. Wọ́n yí padà, wọ́n ń lọ sílé. Ní ìdajì ọ̀nà, Sietse tún bojú wẹ̀yìn.

"Loredana, ṣé Màmá fúnra rẹ̀ gun òkè yẹn rí?"

Loredana bú sẹ́rìn-ín. Ó mọ ìtàn náà láti orí dé ìdí: ọdún tí wọ́n gbé Nives níyàwó, ìbaaka tó yá lọ́wọ́ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ obìnrin, ohun tó sọ fún òkè náà nígbà tó dé orí rẹ̀. Ó ti la ẹnu. Ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ó gbóná, ó pé pérépéré.

Ó pa ẹnu dé. Ó gbé ọwọ́ bọ abẹ́ apá bàbá náà, ó ń fà á lọ síbi tí kọfí wà.

"Ó gùn ún," ni Loredana wí. "Àmọ́ èyí tó kù, ẹ jẹ́ kí n jẹ yín títí di ọdún tó ń bọ̀."